Àáké Òkúta Tí Mo Lọ̀ ní Thamesmead

Pírámárì mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi yìí ló lọ ilẹ̀ tẹ̀rásò tí àwọn olówó Èkó fi ń ṣe dígí. Kí ẹnikẹ́ni má wá kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ òkúta.

Ohun kan ṣoṣo tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ni ẹdùn àrá kan, òkúta dúdú tó rí bí ẹnu àáké. Ó bá a nínú ebè iṣu. Gbogbo ilé wa ló gbà pé àrá ló jù ú sílẹ̀ láti ọ̀run. Mo gbé e wá sí Thamesmead nílùú òyìnbó, mo fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

Ní ọdún tí ṣọ́ọ̀ṣì wa kó wọ ilé ìkẹ́rùsí kan nítòsí odò, alàgbà wa, tó ń ta ẹja gbígbẹ ní Woolwich, wá gbàdúrà nílé wa. Bó ṣe rí òkúta náà, ó fò sẹ́yìn.

"Daddy! Òrìṣà lẹ gbé sílé? Ẹ lọ jù ú sí odò kí Àjíǹde tó dé, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní wọ sùtánà láàárín wa mọ́."

Ìyàwó mi bú sẹ́kún. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jù ú nù. Òkúta lásán ni."

"Tó bá jẹ́ òkúta lásán, kí ló ń bà yín lẹ́rù?"

Mo gbé e síwájú alàgbà, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Ẹ wò ó o. Ìlà wẹ́wẹ́ ló kún ara rẹ̀, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn kọjú sí. Irú ìlà yẹn ni mo ń rí lójú tẹ̀rásò tí mo bá lọ̀ ọ́. Àrá kì í fi yanrìn lọ nǹkan! Èèyàn ló ṣe é, nígbà tí kò tíì sí irin. Yangí pupa ló kún oko bàbá mi, òkúta dúdú báyìí ò sí níbẹ̀. Ẹnìkan ló rù ú wá láti ibi tí òkè wà, ó fi gba iṣu tàbí iyọ̀. Oníṣòwò bíi yín ni."

"Irọ́! Ta ló lè fi ọwọ́ lásán lọ òkúta kó dán báyẹn?"

"Èmi!"

Nígbà tí odò fà ní Woolwich, mo sọ̀kalẹ̀ lọ ṣa akọ òkúta dúdú díẹ̀. Mo ń fi ọ̀kan lu èkejì kó lè ṣí pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́. Àkọ́kọ́ fọ́ sí méjì. Èkejì gé mi lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta gbà fún mi, ó rí bí ẹnu àáké. Ní gbogbo àwẹ̀ Lẹ́ńtì, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ ìnulẹ̀ dé, màá da yanrìn àti omi sórí òkúta pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìnkùlé, màá máa lọ̀ ọ́. Èjìká mi wú. Ìyàwó mi ní orí mi ti dàrú. Mo tún bu yanrìn sí i. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń bá mi da omi.

Nígbà tí Àjíǹde ku ọ̀la, mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, mo gbé méjèèjì lé e, mo pe alàgbà.

"Èwo ló jábọ́ láti ọ̀run?"

Ó yí tábìlì po lẹ́ẹ̀mejì. Ó nawọ́ sí tèmi.

Ìyàwó mi pàtẹ́wọ́. "Alàgbà, èmi ni mo da omi sí ìyẹn o!"

Alàgbà gbé Bíbélì rẹ̀ sí abíyá. "Ẹ ju méjèèjì nù."

Mi ò ju ọ̀kankan nù. Ní ọjọ́ Àjíǹde, mo wọ sùtánà mi, mo jókòó sórí àga mi níwájú, mo ń wo alàgbà lójú. Kò ní kí n dìde. Òkúta bàbá mi ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Tèmi wà lọ́dọ̀ rẹ̀, tèmi ló sì dán jù.