Ọwọ́ Mi Ló Ṣì Í Gún, Ọwọ́ Mi Ni Yóò Máa Gún Un

Ọdún kejì tí àtọ̀gbẹ wọ ara mi ni mo ṣi abẹ́rẹ́ gún, tí mo sì ṣubú lulẹ̀ níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi. Láàárín àwọn ọdún 1980 ni. Olùkọ́ ni mí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀, kíláàsì kẹrin ni mò ń kọ́. Òkè-Ogbò ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlógójì. Nígbà yẹn, bí èèyàn bá gbọ́ àtọ̀gbẹ, arúgbó tó sanra ni yóò máa rò. Èmi ò dàgbà, mi ò sì sanra, nítorí náà, ẹni tí mo bá sọ fún kì í gbà mí gbọ́.

Ní àràárọ̀, mo máa ń se síríǹjì onígíláàsì mi nínú ìkòkò kékeré kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi se nǹkan mìíràn. Bó bá ti ń tutù lọ́wọ́, màá tọ̀ sínú ife, màá bu díẹ̀ nínú ìtọ̀ náà sí òògùn aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fún mi nílé ìwòsàn, màá gbé e kaná lórí sítóòfù. Bó bá dúró ní búlúù, kò sí ṣúgà. Bó bá pọ́n bíi bíríkì, ṣúgà ti pọ̀ nìyẹn. Ìgò ínsúlínì, òògùn àtọ̀gbẹ tí mò ń gún, wà nínú ìkòkò amọ̀ tí mo bu omi sí nídìí, nítorí iná mọ̀nàmọ́ná wa kì í ṣe ohun téèyàn lè gbẹ́mìí lé. Nọ́ọ̀sì ti kọ́ mi pé kí n fa òògùn náà dé ìlà ogún lára síríǹjì, kí n gún un sí itan, kí n sì jẹun láìpẹ́. Ohun tí mò ń ṣe láìyẹsẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí ìgò yẹn tán, mo lọ ra òmíràn ní kẹ́míìsì kan ní àdúgbò Mayfair. Mo rí i pé ìdérí rẹ̀ yàtọ̀.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ti tẹ́lẹ̀ kọ́ nìyí.”

Ọkùnrin tó ń tà á ní, “Tíṣà, ọ̀kan náà ni. Tuntun tí wọ́n ń kó wọlé báyìí nìyẹn.”

Mo gbà á, mo lọ sílé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fà á dé ìlà ogún, mo gún un, mo jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, mo gba ilé ìwé lọ.

Ìṣirò ni mò ń kọ sójú pátákó nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ètè mi ló kọ́kọ́ kú. Òógùn bò mí, ó rin búláòsì mi gbindin. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ebi kan sì mú mi tó dà bí ìbínú. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nítorí àwọn nọ́ńbà tí mò ń kọ ti ń gun orí ara wọn. Wọ́n ní mo jágbe mọ́ wọn. Èmi ò rántí. Wọ́n ní ọ̀gá ilé ìwé wa wọlé, ó ní, “Tíṣà, kí ló dé?” Mo sì dá a lóhùn pé, “Ta ló pè ọ́?”

Ọkùnrin tó lè bí mi lọ́mọ! Ọ̀rọ̀ “ọ” yẹn pẹ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ju ṣíṣubú tí mo ṣubú lọ.

Mo ṣubú ṣá. Ẹnìkan ní mo ti mutí. Èmi, ọmọ Mùsùlùmí láti Ìwó, tí mi ò fẹnu kan ọtí láyé mi. Ẹlòmíràn ní iṣẹ́ ọmọ aráyé ni, ó sì ń da omi tútù sí mi lórí. Olùkọ́ kíláàsì kẹfà, obìnrin kan ṣoṣo tí mo ti sọ àìsàn mi fún, ló sáré dé pẹ̀lú ṣúgà tó pò mọ́ omi nínú ife.

“Ẹ má dà á sí i lọ́fun o! Ẹ gbé e jókòó, kó máa gbé e mì díẹ̀díẹ̀.”

Mo gbé e mì. Ojú mi là, mo dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ara mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ló bá ní kí wọ́n wá mọ́tò. Ó ń fún mi ní omi ṣúgà lójú ọ̀nà títí a fi dé ilé ìwòsàn.

Wọ́n fa omi sí mi lára títí di ìrọ̀lẹ́. Dókítà kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀ bi mí pé, “Yúnìtì mélòó lẹ gún?”

“Ogún ni, bí mo ṣe máa ń gún un.”

“Kò lè jẹ́ ogún.”

Ọkọ mi lọ sílé, ó gbé ìgò àti síríǹjì wá. Nọ́ọ̀sì àgbà kan gbé méjèèjì sójú ìmọ́lẹ̀, ó sì mirí.

Ó ní, “Dókítà, ọgọ́rùn-ún ni agbára òògùn yìí. Síríǹjì tí wọ́n ṣe fún òògùn agbára ogójì ni wọ́n fi fà á.”

Dókítà yíjú sí mi. “Tíṣà ni yín, ẹ ò ka ohun tó wà lára ìgò?”

Ara mi ò tíì le, ṣùgbọ́n ohùn mi ti padà. Mo ní, “Dókítà, mo kà á. Orúkọ òògùn ni mo kà, òun náà ló wà níbẹ̀. Ta nínú yín ló sọ fún mi pé nọ́ńbà kan wà lábẹ́ orúkọ yẹn tó lè pa mí?”

Nọ́ọ̀sì àgbà náà ló jókòó tì mí. Ó ní, “Wò ó, ọmọ mi. Ògì tó ki àti ògì tó ṣàn, bí ife kan náà lo bá bù nínú wọn, ṣé ohun kan náà lo mu? Ti tẹ́lẹ̀ ló ṣàn. Èyí ki. Ibi tó o fà á dé yẹn, dípò ogún, àádọ́ta lo gún.”

Mo sunkún. Kì í ṣe ẹ̀rù, inú ló bí mi.

Nígbà tí mo padà sílé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ti dé láti Ẹdẹ. Ó ti parí ìdájọ́ kí n tó jókòó. “Ìyàwó wa, láti òní lọ, ọkọ rẹ ni yóò máa gún un fún ọ. O ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ mọ́. Iṣẹ́ tíṣà náà, kó o fi sílẹ̀.” Ọkọ mi ń wo ilẹ̀.

Mo kúnlẹ̀, nítorí bí a ṣe kọ́ mi nìyẹn. Mo ní, “Màámi, ẹ ṣé tí ẹ wá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló ṣì í gún, ọwọ́ mi ni yóò máa gún un. Ọjọ́ tí ọkọ mi bá rìnrìn àjò ńkọ́? Kí n jókòó kí n máa wo ojú ọ̀nà?”

“O ti wá lẹ́nu báyìí!”

“Ẹ̀mí mi ni, mà.”

Ó bínú lọ sí Ẹdẹ. Ó tó oṣù mẹ́ta kó tó tún bá mi sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá ilé ìwé ní tirẹ̀ fẹ́ kó mi kúrò ní kíláàsì, kí n máa jókòó sí yàrá tí a ń kó àga tó ti ṣẹ́ sí, kí n máa ka iye ìwé àti ṣọ́ọ̀kì. Ó ní àwọn òbí ń sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀ fún òun náà. “Ọ̀gá, nítorí ‘ọ’ tí mo pè yín, mo bẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí.” Mo wá dìde dúró. “Ṣùgbọ́n nítorí àìsàn mi, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni.” Ó ní òun máa kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ. Mo ní kí ó kọ ọ́, èmi náà á kọ tèmi. A jọ kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó dá ẹnì kankan nínú àwa méjèèjì lóhùn, mo bá ń kọ́ kíláàsì mi lọ.

Mo padà sí kẹ́míìsì yẹn pẹ̀lú ìgò àti síríǹjì lọ́wọ́. Ọkùnrin náà ní, “Ẹ̀yin náà ni ẹ ò bèèrè.” Mo ní, “Mo bèèrè. Mo ní ti tẹ́lẹ̀ kọ́ nìyí. Kí lẹ sọ fún mi?” Mo ní kí ó kọ ọ́ sára páálí, kó gbé e kọ́ síwájú ìsọ̀, pé kí oníkálùkù wo nọ́ńbà ara ìgò, kí síríǹjì rẹ̀ sì bá a mu. Ó kọ̀. Mo bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá wọlé ni mò ń sọ fún. Kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì, ó ti wá páálí, ó ń kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n sinmi síbẹ̀. Ní ọjọ́ tí àwa alátọ̀gbẹ máa ń lọ rí dókítà, mo dìde láàárín gbọ̀ngàn tí a ti ń dúró, mo na ìgò mi sókè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó ni kò mọ̀wé. Nọ́ọ̀sì kékeré kan ní, “Ìyáàfin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó.” Mi ò jókòó. Mo sọ ohun tó ṣe mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí mo ṣe bú ọ̀gá mi, bí mo ṣe ṣubú, mi ò fi ìkankan pamọ́. Bàbá kan tó wá láti Ìpetumodù bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò dàńṣíkí rẹ̀. Ó fa ìgò kan jáde, tuntun, tí kò tíì ṣí.

“Ọmọ mi, bá mi wo èyí.”

Ọgọ́rùn-ún ni. Mo bi í léèrè síríǹjì rẹ̀. Ogójì ni, òun náà wà nínú aṣọ tó fi wé e. Ọ̀la ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìgò náà. Nọ́ọ̀sì tó ní kí n jókòó gba méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sáré wọlé lọ bá dókítà, bàbá náà sì gba síríǹjì tuntun kó tó kúrò níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, èyí ò ní kí n má tún ṣì í gún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ibà mú ọmọ mi, mò ń sáré kiri inú ilé, mo gún abẹ́rẹ́, mo gbàgbé pé mo ti gún un, mo tún gún òmíràn. Òwú tútù méjì tí mo fi nu itan, tí mo rí lórí tábìlì, ló jẹ́ kí n mọ̀. Mo pe ọkọ mi, mo sọ fún un, mo jẹun, a gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ ìyá mi tó ti kó wá sítòsí wa, a sì gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì àgbà lọ. Ó dá mi dúró, ó ń wò mí títí di ọ̀sán. Nígbà tí mo ní mò ń lọ síbi iṣẹ́, ó ní, “O lè lọ, ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó tì ọ́. Máa jẹun díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí òógùn bá bò ọ́, ṣúgà ni kó o kọ́kọ́ mu, kó o sì padà wá kíákíá. Bó bá sì di ọ̀la, iye tó o máa ń gún náà ni kó o gún, má yọ, má fi kún un.” Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri yàrá mi, ìlà kan fún abẹ́rẹ́ kan.

Ọkọ mi ló bá mi lọ sílé ìwé lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì lórí àga àwọn ọmọ, eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Mo gbé búrẹ́dì àti ife ṣúgà sórí tábìlì mi, ní gbangba. Nígbà tó yá, ọ̀gá ilé ìwé yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

“Tíṣà, kí lọkọ yín ń ṣe níbẹ̀ yẹn?”

Mi ò rẹ ohùn sílẹ̀. “Ọ̀gá, mo ṣi abẹ́rẹ́ gún láàárọ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gún un. Mo ti mọ̀, mo ti rí nọ́ọ̀sì, mò ń jẹun. Bí ẹ bá rí i tí mò ń sọ ìsọkúsọ, ẹ fún mi ní ṣúgà tó wà nínú ife yìí.”

Ó wo ife náà, ó wo ọkọ mi, ó wo àwọn ọmọ tó ń wò ó. Ó ní, “Kíláàsì kẹrin, ẹ má pariwo,” ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo já búrẹ́dì sí i, mo jẹ ẹ́, a sì ń ka ìwé wa lọ.