Tíṣà Tó Há Gẹ̀ẹ́sì Sórí Okùn Aṣọ

Bí wọ́n bá ti dárúkọ olóògbé Tíṣà nílé ìfọṣọ, ọjọ́ tí máníjà dúró de ẹni tó lọ tọ̀ ni gbogbo wọn kọ́kọ́ máa ń rántí. Tíṣà kó àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́yìn lọ́jọ́ náà, wọ́n tò síwájú tábìlì máníjà. Máníjà ní, "Kí lẹ bá wá?" Tíṣà wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lọ tọ̀."

Ẹnu ya máníjà, ó sì dúró.

Tíṣà kì í ṣe tíṣà kankan o. Aṣọ ló ń fọ̀. Ó ra ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan tó ti já lẹ́yìn, ó sì rí i níbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń béèrè owó iṣẹ́ kì í dá rìn. Ẹni tó bá ń fẹ́ àfikún, "pay rise" ló máa sọ, méjèèjì pa pọ̀. Ó kọ wọ́n sórí páálí, ó há wọn sáàárín aṣọ tó ń gbẹ, kí wọ́n lè máa kà á bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Pẹ́ẹ̀gì kan ló ń fi há ọ̀rọ̀ méjì. Ó ní tọkọtaya ni wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má yà wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, "pay rise" bá ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan lọ sílé. Ọkùnrin náà gbé páálí padà wá tìbínú-tìbínú, ó ní òun ò gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́, ta ló wá ń béèrè àfikún lọ́wọ́ òun? Tíṣà bẹ̀ ẹ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló ní kó jọ̀ọ́, kó bá òun pè é kí òun gbọ́ bó ṣe ń dún.

Ìyá Alọṣọ, obìnrin tó ń lọ aṣọ níbẹ̀, ni ọ̀rọ̀ náà sú jù. "Tíṣà, ṣebí máníjà gbọ́ Yorùbá. Kí la wá ń da ara wa láàmú sí?"

"Nígbà tá a fi Yorùbá béèrè, kí ló ní?"

"Ó ní sùúrù ni baba ìwà."

"Baba ìwà ọ̀hún ti gbé ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ wa. Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé yìí ò ní sùúrù nínú."

Ó pín ọ̀rọ̀ fún àwọn mẹ́fà, torí ẹni tó bá dá sọ ọ́ ni wọ́n máa lé. Ẹni tó bá fi Yorùbá sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ níwájú máníjà, ó ní ó máa fọ sọ́kìsì fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá Alọṣọ ló gba "living wage", owó iṣẹ́ tó tó gbé ayé. Òun náà ló nílò rẹ̀ jù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà nílùú míì, torí owó tó ń gbà kò bọ́ ẹnu méjì. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń rí i, àárò rẹ̀ sì ń sọ ọ́.

Nígbà tó wá kàn án níwájú máníjà lọ́jọ́ ẹni tó lọ tọ̀ yẹn, "living wage" jáde geere. Ṣùgbọ́n máníjà bi í pé kí ló túmọ̀ sí. Gẹ̀ẹ́sì bá pòórá lórí rẹ̀. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Owó tí ọmọ mi lè fi máa gbé lọ́dọ̀ mi ni, sà."

Máníjà wo tábìlì rẹ̀ títí, kò sì mẹ́nu ba sùúrù lọ́jọ́ náà. Àfikún dé lóṣù tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà sì dé. Síbẹ̀, Tíṣà jẹ́ kí Ìyá Alọṣọ fọ sọ́kìsì náà pé ọ̀sẹ̀ kan. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bá a sá a.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ni Tíṣà kú. Ìyàwó rẹ̀ gbé ìwé jíjá náà fún Ìyá Alọṣọ, tìyátọmọ sì jókòó, ọmọ ń kà á, ìyá ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé ibi "living wage", wọ́n rí i pé Tíṣà ti fi ìlà pa ìtumọ̀ tí ìwé fún un rẹ́. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé, "Owó tí ọmọ lè fi máa gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀."

"Màámi, ọmọ wo ni?"

"Ìwọ ni," Ìyá Alọṣọ dáhùn. Ó mú pẹ́ẹ̀gì kan, ó fi há ojú ìwé náà kó má baà padé.