Ẹ̀wà Abẹ́ Akẹtẹ̀

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù Ràmàdáànì tó kọjá, Sẹ̀kínátù ń fi mọ́tò gbé mi bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Nọ́ọ̀sì ni, àdúgbò kan náà la sì jọ ń gbé ní Woodridge, lẹ́bàá Chicago. Láti ìgbà tí ojú mi ti ń ṣe bàìbàì ni kì í ti í jẹ́ kí n wa mọ́tò mọ́. Bí a ṣe dúró níwájú ilé mi, oòrùn wọ̀, fóònù rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun Mọ̀gàríbì. Ohùn ládàánì kún inú mọ́tò, ó sì gbé mi kúrò ní Amẹ́ríkà láìgba físà.

Ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin ti ìjọ Áńgílíkà ni mo lọ, lórí òkè kan tí mọ́sáláṣí wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máà gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n a máa ń fi sítáàṣì lọ aṣọ funfun wa títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá dúró láìsí ènìyàn nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, gbogbo wa là ń dé akẹtẹ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àtonígbàgbọ́ àti mùsùlùmí.

Mùsùlùmí ni Ràṣídà, ọ̀rẹ́ mi tí ibùsùn wa kángun síra. Ó mọ orin ìsìn ju èmi ọmọ kátíkíìsì lọ, mi ò sì lè sọ fún bàbá mi láé. Tíṣà ló fẹ́ dà, kò ní àlá mìíràn. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé bí ilé-ẹ̀kọ́ wa bá gba ààwẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, òun á wá mú un lọ sílé kó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Kí oòrùn tó wọ̀ ni aago oúnjẹ alẹ́ tiwa ń dún, bí a bá sì ti jẹun tán, wọ́n á ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn pa. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ jáde. Ràṣídà ń fi gààrí ṣínu títí gààrí fi tán, ó wá ń rù lójú mi. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹ̀wà rẹ̀ sínú abọ́, mo ń fi aṣọ bò ó gbé lọ sí yàrá, mo sì ń fi akẹtẹ̀ mi dé e mọ́lẹ̀. Ta ló máa ṣí akẹtẹ̀ wò? Èèrà nìkan ló ronú débẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, bí a ṣe kúnlẹ̀ fún àdúrà, àwọn èèrà bẹ̀rẹ̀ sí í tò jáde láti inú akẹtẹ̀ mi, wọ́n ń gba ọrùn mi sọ̀kalẹ̀. Mo fara dà á títí ara fi kọ̀ ọ́. Mo fò dìde, akẹtẹ̀ ré bọ́, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì rí i bí epo ti rin inú rẹ̀.

Ọ̀gá àgbà wa, obìnrin gbọ̀ọ̀rọ̀ tí kì í gbóhùn sókè, ránṣẹ́ pe èmi àti Ràṣídà sílé rẹ̀. Ó béèrè ẹni tó ni oúnjẹ. Ràṣídà ti kúnlẹ̀ kí n tó lanu.

"Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má kọ̀wé sí bàbá mi."

Ọ̀gá ní kó dìde. "Ọmọlúàbí kì í jẹun bí olè," ó ní. "Láti òní lọ, ilé mi ni oúnjẹ rẹ á máa wà. Bí oòrùn bá ti wọ̀, kí o wá jókòó sídìí tábìlì, kí o jẹ ẹ́."

Àwa méjèèjì ṣì gé koríko, nítorí òfin lòfin. Ṣùgbọ́n ó ní kí ti Ràṣídà dúró di ìgbà tí ààwẹ̀ bá parí. Lẹ́yìn ọdún Ìtúnu ló wá gé tirẹ̀, làálì lọ́wọ́, orin ìsìn lẹ́nu.

Bàbá rẹ̀ ò mú un lọ. Ó di tíṣà, ó sì ṣe é títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ pè mí ní Chicago níhìn-ín pé ìyá òun ti lọ, mo sunkún bí ọmọdé. Àárò rẹ̀ ṣì ń sọ mí.

Mo gbọ́ pé wọn kì í dé akẹtẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́ wa mọ́, ẹ̀rọ ló sì ń gé koríko wọn. Kò burú. Ayé ń yí. Ṣùgbọ́n ebi aláàwẹ̀ ò yí padà, ó sì yẹ kí ẹni tó máa sọ pé "wá jókòó" ṣì wà.

"Mummy, ẹ rọra sọ̀kalẹ̀," Sẹ̀kínátù ń sọ. "Mo máa just grab something ní drive-thru. Shift mi ò ní pẹ́ start."

"Pa mọ́tò yẹn," mo ní. "O ò ní fi oúnjẹ drive-thru tí wọ́n ń nà síni lójú fèrèsé mọ́tò ṣínu níwájú ilé mi. Sọ̀kalẹ̀."

"Okay ma. But mi ò lè pẹ́ o."

Mo gbé ẹ̀wà tí mo ti sè sílẹ̀ kaná kó gbóná. Mo ti ju akẹtẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì mi sórí tábìlì bí ìṣe mi. Mo wá gbé e kúrò kí àwo Sẹ̀kínátù lè ráyè.