Ìtanràn Ẹkún

Mo sunkún níwájú àwọn ẹgbẹ́ mi lónìí, wọ́n sì bu ìtanràn lé mi.

Ìpàdé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ àwa ojúgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde ni. Èmi ni alága. Oṣù márùn-ún nìyí tí ìyàwó mi kú. "A dúpẹ́" nìkan ni mo fi ń dá gbogbo ẹni tó bá kí mi lóhùn.

Lónìí, akọ̀wé wa kàn bi mí pé, "Alága, ṣé ẹ ń jẹun ṣá?" Ni mo bá bú sẹ́kún.

Káyọ̀dé, ọ̀kan nínú àwa ojúgbà, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Alága, kíréètì mínírà kan. Òfin yín ni."

Òótọ́ ni. Lọ́dún tí ìyàwó tiẹ̀ kú, ó sunkún nínú ìpàdé. Mo ní ó ń da ìpàdé rú, mo sì bu kíréètì mínírà kan lé e. Ó san án. Láti ìgbà náà, kò sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún wa mọ́.

Mo dìde. "Káyọ̀dé, mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀wọ́, dárí jì mí."

"Mo ti gbọ́. Jókòó, kí o sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ fún wa. Èmi náà á sọ tèmi."

A ò ráyè ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá mọ́. Nígbà tí mo délé, mo jẹ ẹ̀bà mi tán. Ó ti pẹ́ tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Kíréètì méjì ni mo rà: ọ̀kan fún ẹkún mi, ọ̀kan láti fi dá ti Káyọ̀dé padà.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta lẹ ti pa lẹ́nu mọ́ rí, nígbà tó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀?