Eegun Tí Kò Sí Lọ́fun Ajá Wa

Ìyàwó mi ló ni ajá náà. Ọmọ ajá ni nígbà tí ó gbé e wá láti ọjà Iléṣà nínú agbọ̀n, ó fi ewé bò ó lórí nítorí oòrùn. Orúkọ tó sọ ọ́, n kò ní kọ ọ́ síbí. Nígbà tí ìyàwó mi kú, ajá náà kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ń tẹ̀ lé mi lọ sí oko. Báyìí ló ṣe di tèmi.

Abúlé wa wà láàárín Iléṣà àti Òṣogbo, níbi tí oko kòkó àti oko obì ti pọ̀ ju ilé lọ. Mo ti lé ní ọmọ ogún ọdún kí n tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé-ìwé láàárín àwọn ọmọ kéékèèké. Ìdí nìyí tí àwọn ará abúlé fi ń pè mí ní Akọ̀wé. Wọ́n gbà pé mo mọ ohun gbogbo tó wà nínú ìwé. Èmi náà gbà á díẹ̀. Bí ajá ẹnikẹ́ni bá ń ṣàìsàn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń mú un wá. Bí ara rẹ̀ bá ń bó, mo máa ń po imí ọjọ́ mọ́ àdí, màá fi pa á lára. Bí ikùn rẹ̀ bá wú tí egungun ìhà rẹ̀ sì yọ síta, mo mọ̀ pé aràn ni. Eégbọn, ọwọ́ ni mo fi ń ṣà á kúrò, etí ni mo sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ara ọ̀pọ̀ nínú wọn yá. Èyí tí ara rẹ̀ kò bá yá, a ní ọjọ́ rẹ̀ ló pé. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran rí. A gbọ́ pé ọ̀kan wà ní Òṣogbo, ṣùgbọ́n a rò pé màlúù àwọn Fúlàní nìkan ló wà fún.

Lọ́dún kan tí kòkó so dáadáa, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo wá bímọ sọ́dọ̀ mi. Ọkọ rẹ̀ ń ránṣọ ní Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo. Ìyá rẹ̀ kò sí mọ́, òun ni ì bá lọ bá a wẹ ọmọ, nítorí náà ọmọ mi ló wá sí abúlé kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lè tọ́jú rẹ̀. Ọkùnrin ló bí. Ní ọjọ́ kẹjọ a sọ ọmọ lórúkọ, a pa ewúrẹ́, eegun sì kún ilẹ̀.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ ni mo rí i pé ajá kò jẹun. Iyán tí mo jù sí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi í sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ bíi pé ohun tó dè é ti já, itọ́ sì ń kán lẹ́nu rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Nígbà tó fẹ́ gbó, ohùn tó jáde kì í ṣe tirẹ̀. Ó dà bí ohùn ẹni tó ń pe ènìyàn láti inú kànga.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró, ó wò ó.

"Eegun ewúrẹ́ ló há a lọ́fun," ó ní. "Ọ̀kánjúwà ajá! Mo rí i lọ́jọ́ náà tó ń sá tọ ìkòkò kiri."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àbí dìgbòlugi ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé! Inú ìwé wo lo ti rí ìyẹn? Ajá dìgbòlugi a máa sáré, a máa bu igi jẹ, a máa bu ènìyàn jẹ. Èyí jókòó jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Nígbà tí mo pe ajá náà, ó wá, ó gbé orí lé mi lórúnkún. N kò gbọ́ ọ rí pé ajá dìgbòlugi ń gbé orí lé ènìyàn lórúnkún.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì ya ẹnu rẹ̀. N kò rí nǹkan kan, itọ́ ti kún un. Mo ti ìka bọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ìka mi nípọn, ìka ẹni tó ti ń di àdá mú láti kékeré ni, kò dé ọ̀nà ọ̀fun. Mo bá pe ọmọ mi.

"Wá," mo ní. "Ọwọ́ tìrẹ tẹ́ẹ́rẹ́. Tì í bọ̀ ọ́."

Ohun tí mo sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó gbé ọmọ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó kúnlẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ ẹnu ajá títí dé ọrùn ọwọ́. Èmi ni mo di ẹnu náà mú fún un. Ajá náà kò ké, kò sì gé e jẹ. Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá, kò sí eegun kankan níbí o! Itọ́ lásán ni." Nígbà tó yọ ọwọ́, eyín ajá ti ha á lẹ́yìn ìka. Ẹ̀jẹ̀ tó yọ kò tó èyí tí ẹ̀fọn máa fà. Ó fi ìró rẹ̀ nù ún, ó gba ọmọ padà, ó fún un lọ́mú.

Ní ọjọ́ kejì, ajá náà ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nílẹ̀. Mo rò pé eegun náà ti sọ̀ kalẹ̀ lọ gún un nínú. Mo so ó mọ́ ìdí igi obì lẹ́yìn ilé, mo wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Òṣogbo láti lọ wá oògùn eegun.

Yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n fi páànù bò ni ọ́fíìsì dókítà ẹran náà. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ wọ ṣòkòtò péńpé káákì, kò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà ju ọmọ mi lọ. Ó ń kọ nǹkan.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹran wo ni?"

"Ajá ni. Eegun há a lọ́fun."

"Ṣé ẹ rí eegun náà?"

"N kò rí i."

"Ẹnu rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó là sílẹ̀. Kò lè pa á dé."

Ó gbé kálámù sílẹ̀. "Ohùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti yí padà."

"Ṣé ajá mìíràn kò bá a jà láìpẹ́ yìí?"

Ìgbà náà ni mo tó rántí. Ó tó oṣù kan ṣáájú, ajá àjèjì kan sáré gba inú oko obì kọjá, ó já ajá wa jẹ ní ètè, kò sì dúró. Mo fi àdí àti iyọ̀ pa ojú ibẹ̀. Ó jinná. Mo gbàgbé.

Nígbà tí mo sọ èyí tán, ọkùnrin náà dìde dúró. "Bàbá, ta ló ti ọwọ́ bọ ẹnu ajá yìí?"

Etí mi ń hó.

"Ọmọ mi ni."

"Ọmọdé?"

"Abiyamọ ni. Ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ogúnjọ́."

Ó jókòó padà, ó rọra bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀nà méjì ni dìgbòlugi máa ń gbà yọ. Ọ̀kan ń sáré, ọ̀kan ń dákẹ́. Ó ní èyí tó ń sáré, gbogbo ènìyàn ló máa ń sá fún un, ṣùgbọ́n èyí tó dákẹ́, àánú rẹ̀ ló máa ń ṣe onílé, onílé á sì ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu láti wá eegun. Ó ní èmi kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ṣé ajá náà ṣì wà láàyè?"

"Ó wà."

"Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á. Bó bá sì kú fúnra rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Orí rẹ̀ la nílò. Inú ọpọlọ rẹ̀ ni wọ́n á ti wò ó bóyá òun ni tàbí òun kọ́. Bí wọ́n bá fi igi fọ́ orí yẹn, a kò ní mọ̀ láéláé. Mo ń bọ̀ lọ́la. Kí ọmọ yín fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ náà dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́. Kí ẹ̀yin méjèèjì sì dé ilé ìwòsàn Iléṣà."

"Àwa méjèèjì?"

"Ẹ wo ọwọ́ yín, Bàbá."

Mo wò ó. Àdá ti gé mi ní àtàǹpàkò lọ́sẹ̀ náà, ojú ibẹ̀ ṣì pupa. N kò rò ó kan ara mi rárá.

Ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà ń dúró ní gbogbo abúlé. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, aládùúgbò mi tí oko wa jọ pààlà ló wá pàdé mi létí títì, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Akọ̀wé, mo ti bá ọ yanjú rẹ̀ o!"

"Kí lo yanjú?"

"Ajá rẹ. Ó já okùn, ó ń wọ́ ìdí bọ̀ níbi tí ọmọ rẹ ti ń wẹ ọmọ. Mo ní ojú mi kọ́ ni yóò ṣe dé ibẹ̀. Kùmọ̀ kan péré ni."

"Níbo lo ti lù ú?"

"Orí ni! Ibo ni ǹ bá tún lù?"

"Òkú rẹ̀ dà?"

"Mo ti jù ú sódò, omi ti gbé e lọ. Àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ sè é, mo ní kí wọ́n gbàgbé, ajá aláìsàn ni." Ó wo ojú mi. "Àbí n kò ṣe dáadáa?"

Nítorí ọmọ mi ló ṣe ṣe é. Mo ní, "O ṣeun."

Mo wọlé. Ọmọ mi wà lórí ẹní. Mo gbé ọṣẹ dúdú àti omi kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Fọ ọwọ́ rẹ."

"Mo ti fọ̀ ọ́, Bàbá."

"Tún un fọ̀."

Ó gbójú sókè wò mí. Ó fọ̀ ọ́ títí awọ ọwọ́ rẹ̀ fi hunjọ. Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún un, gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kò fún ọmọ lọ́mú mọ́ lọ́jọ́ náà, kí àrùn má baà gba ọmú wọ inú rẹ̀. Ọmọ ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ẹ̀kọ tó ṣàn sí i lẹ́nu, kò sì sọ̀rọ̀ eegun mọ́.

Ọkùnrin ará Òṣogbo náà dé láàárọ̀ pẹ̀lú àpótí onípáànù lórí alùpùpù. Ó lọ dúró létí odò, ó wo omi náà, ó padà wá. Ó ní níwọ̀n bí a kò ti rí orí, kí a gbà pé dìgbòlugi ni.

Nọ́ọ̀sì kan ní Iléṣà ló sọ fún ọmọ mi pé kó máa fún ọmọ lọ́mú lọ. Ó sunkún níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fi gún wa lábẹ́rẹ́ ní ikùn, lójoojúmọ́. Ikùn wa le bí awọ gbígbẹ. A kò lè tẹ̀ síwájú jẹun.

Abẹ́rẹ́ parí, ẹ̀rù kò parí. Wọ́n ti sọ fún mi pé àrùn náà lè sá pamọ́ sára fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó bá sì ti yọjú, kò sí dókítà tó lè lé e. Wọ́n ní omi ni ẹni náà kò ní lè gbé mì. Láti ọjọ́ náà, kí n tó lọ sí oko láàárọ̀, mo máa ń bu omi, màá gbé e fún ọmọ mi. Màá ní, "Mu omi." Á mu ún. Màá máa wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Bó bá ti lọ sílẹ̀, màá mú àdá mi, ó di oko. Lọ́jọ́ kan, ó húkọ́ lójijì, omi tú jáde lẹ́nu rẹ̀, ife bọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Bàbá, ọmọ ló tàpá sí mi lápá," ó ní. "Ọmọ ni o."

Ó bu omi mìíràn, ó mu ún lójú mi.

N kò tíì ní ajá mìíràn. Ẹni tó bá ní ajá, tó sì ń ka èyí: èyí tí ara rẹ̀ ń bó, tọ́jú rẹ̀. Èyí tó ní eégbọn, ṣà á. Ṣùgbọ́n bí àgbọ̀n rẹ̀ bá rọ̀, tí ohùn rẹ̀ yí padà, tàbí tó bá ń wọ́ ẹsẹ̀, fi ọwọ́ rẹ sápò. So ó mọ́lẹ̀, má ṣe fọ́ ọ lórí, kí o sì lọ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ tilẹ̀ wà tí wọ́n ń gún fún ajá kí ó má baà kó àrùn náà. N kò mọ̀ nígbà náà.

Ní oṣù kẹrin, ọmọ mi fẹ́ padà sí Òṣogbo. Ẹrù rẹ̀ ti wà níta. Mo gbé omi fún un gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ó gbà á, kò mu ún. Ó nà án sí mi.

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mu."

"Òùngbẹ kò gbẹ mí."

"Mo mọ̀. Láti ìgbà tí a ti gba abẹ́rẹ́ tán, ẹ kò mu omi lójú mi rí. Ẹ̀ ń wò mí, ta ló ń wò yín? Bí ẹ bá ti oko dé, mo máa ń lọ yẹ kèǹgbè yín wò bóyá omi inú rẹ̀ dín."

Òótọ́ ló sọ. N kò lè mu omi níwájú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé kó má lọ há mi lọ́fun lójú rẹ̀. Mo gba ife náà. Mo mu ún dé ìdajì. Ó lọ sílẹ̀. Òun náà mu ìyókù.

Ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí. Mo máa ń lọ kí wọn ní Òkè-Baálẹ̀. Bí mo bá ti jókòó, ọmọ mi á gbé omi wá bí wọ́n ti ń gbé e fún àlejò, ṣùgbọ́n ife méjì ló ń gbé. A kò ní kí ẹnikẹ́ni títí a ó fi mu ún tán, tí oníkálùkù á sì ti rí ọ̀fun ẹnì kejì. Ọkọ rẹ̀ rò pé àṣà Ìjẹ̀ṣà ni. A kò tíì sọ fún un.