Bí Mo Ṣe Gbé Agbo Ilé Inú Òkun Lọ sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi kúrò nílé mi ní Dàda Estate, l'Óṣogbo, pẹ̀lú ìgò kan tí mo fi táwẹ̀lì wé bí ọmọ tuntun. Dúpẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní bàọ́lọ́jì ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ló gbàgbé rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an làwọn ọ̀gá fẹ́ wo bó ṣe ń kọ́ni, kí wọ́n tó pinnu bóyá wọ́n á gbà á síṣẹ́ pátápátá.

"Bàbá Táyé, ẹ má ṣí i o," ló wí lórí fóònù. "Bráyósóà ni." Ó ní ẹranko òkun ni, wọ́n kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ, wọ́n ń gbé pọ̀ lára ewé inú omi. Ọ̀kan ló tẹ̀dó, òun ló rú di ọ̀pọ̀.

"Ṣé wọ́n ti kú?"

"Ó ti pẹ́, sà."

Ọkàn mi kò balẹ̀. Ohun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ta ló kà wọ́n tó mọ̀ pé gbogbo wọn ló kú?

Mo wọ mọ́tò tó gba ọ̀nà Ìbòkun. Kòtò kan gbé wa sókè, ìdérí ìgò tú. Òórùn ọtí líle tí wọ́n rẹ ẹranko náà sí kó má baà jẹrà bá gba gbogbo ọkọ̀ kan.

Màmá aládùúrà tó jókòó tì mí dìmú. "Bàbá! Ọtí, láàárọ̀ kùtù!"

"Bàbá, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún dírébà o!" ni awakọ̀ wí.

Èmi, alàgbà ìjọ! "Ẹranko ló wà nínú ẹ̀, mà."

"Ẹ tú u ká rí i, àbí kẹ́ ẹ bọ́ọ́lẹ̀," ni awakọ̀ wí.

Bí mo bá bọ́ọ́lẹ̀, iṣẹ́ Dúpẹ́ bá mi bọ́ nìyẹn. Mo dijú, mo tú táwẹ̀lì.

"Ẹ lajú, bàbá! Ta ló máa fi ẹranko hàn wá?" ni màmá wí.

Mo ṣì dijú, ni màmá bá gba ìgò náà, ó wọ awò ojú rẹ̀. "Áà! Ewé tó wọ léèsì!" Ó dé ìdérí le, ó sì gbé e lé itan títí a fi débẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, Dúpẹ́ já ìgò gbà lọ́wọ́ mi, ó sáré wọ kíláàsì. Nígbà tó jáde, ẹ̀rín ló ń rín: wọ́n ti gbà á. Ó ní kí n fojú sí awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Yàrá lórí yàrá ni mo rí, ògiri kan náà, kálukú pẹ̀lú ilẹ̀kùn tirẹ̀.

"Wọn kì í jà?"

"Rárá, sà. Ohun tí ọ̀kan bá jẹ ń dé ọ̀dọ̀ èkejì."

Mo jẹ iyán Ìjẹ̀ṣà, èyí tó kúná ju ti Òṣogbo wa lọ, mo sì padà sílé. Ìyá Táyé gbóòórùn táwẹ̀lì náà, ó wò mí. Mo ní màmá aládùúrà kan lè jẹ́rìí mi.

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyí: bí ẹrù rẹ bá ń bà ọ́ lẹ́rù, wá ẹni tó máa bá ọ gbé e. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, béèrè orúkọ rẹ̀.