Láti Ìlọrin dé Ìkẹjà, Kí Oòrùn Tó Wọ̀

Òórùn ẹ̀wà tí ìyá mi máa ń sè sílẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ló máa ń dá mi padà sí ìgbà yẹn. Ìkẹ́nnẹ́ la wà, ní nǹkan bí ọdún 1990 sí òkè. Alàgbà ìjọ ni bàbá mi, Sábáàtì la sì ń pa mọ́. Bí oòrùn ọjọ́ Ẹtì bá ti wọ̀, ó parí nìyẹn: a ò ní dáná, a ò ní rìnrìn àjò, títí oòrùn ọjọ́ Àbámẹ́ta yóò fi wọ̀. Ìrọ̀lẹ́ náà a máa tutù minijọ̀, bí ẹni pé gbogbo ìlú ń tòògbé.

Mo ní àfẹ́sọ́nà kan ní Ìlọrin, ọmọ ìjọ wa. Bàbá mi kò tíì rí i rí, wọ́n sì ń ṣiyèméjì. Wọ́n ní, "Ẹ̀sìn orí ahọ́n làwọn ọmọ ìsinsìnyí ń ṣe. Jẹ́ kó wá. Ṣùgbọ́n tó bá fi Sábáàtì rìn wá bá mi, má tún dárúkọ rẹ̀ nínú ilé yìí."

Ibi iṣẹ́ rẹ̀ wáá rán an sí Èkó lọ́jọ́ Ẹtì kan, wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún un. Ni èmi ọlọ́gbọ́n bá tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sílẹ̀, mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ wọn ọ̀nà láti pápákọ̀ òfurufú Ìlọrin dé ti Ìkẹjà. Kò gùn ju ìka mi lọ. Mo ránṣẹ́ sí i pé kó máa bọ̀, pé á jíṣẹ́ ní Èkó, á sì wọlé wa kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi tí n kò wọ bàálù rí! Ta ló sọ fún mi pé èèyàn lè jókòó de bàálù títí ọ̀sán fi pọ́n?

Lọ́jọ́ náà, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bí ohunkóhun bá kù lójú ọ̀run, màá gbójú sókè. Oòrùn pọ́n, ó rọra wọ̀ sẹ́yìn àwọn igi obì. Bàbá mi pè wá wọlé fún àdúrà. Wọn ò bú mi, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Mo ń kọrin, omi ń bọ́ lójú mi. Ìyá mi fọwọ́ kàn mí léjìká: "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba." Lọ́jọ́ kejì, bí ẹni ń lálàá ni mo ṣe ń rìn kiri.

Oòrùn ọjọ́ Àbámẹ́ta ti wọ̀ tó wákàtí kan, a ti ṣe àmín tán, nígbà tí ẹnìkan kí wa lẹ́nu ọ̀nà. Òun ni, ṣòkòtò rẹ̀ kún fún eruku. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní bàálù ò tètè gbéra ní Ìlọrin, pé nígbà tí ọkọ̀ Èkó fi máa dé Simawa, oòrùn ti ń wọ̀, lòun bá sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Mùsùlùmí kan ló gba òun sílé. "Wọ́n ní àwọn náà mọ ohun tí àsìkò àdúrà jẹ́, sà."

"Simawa? Simawa ìtòsí ibí yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O sì dúró síbẹ̀ láti àná?"

"Ẹ má bínú, sà. Sábáàtì ti wọlé."

Bàbá mi fà á dìde, wọ́n yíjú sí ìyá mi: "Gbé oúnjẹ wá fún ọkọ ọmọ ẹ."

Bàbá mi ti lọ sinmi báyìí, ọkọ mi náà ti hewú. Láìpẹ́ yìí ni mo bi í bóyá ẹ̀rù bàbá mi ló bà á tó fi sọ̀ kalẹ̀ ní Simawa. Ó ní rárá, ti Ọlọ́run lòun ṣe, ṣùgbọ́n pé ẹ̀rù èmi gan-an ló ba òun. "Mo rò pé kí n tó dé, wàá ti yéé retí mi."

Mo ní kó má da ara rẹ̀ láàmú. Títí di òní, bó bá jáde tí kò tètè wọlé, oorun kì í kùn mí.